Béjìdé, Orúkọ Tí Òjò Gbé Wá sí Gamboru

Nígbà tí mo ṣì lè gbé odindi bélì aṣọ kan rù láìpe ẹnikẹ́ni kó wá bá mi gbé e sórí... Sàká, má rẹ́rìn-ín. Mo gbé e. Ó dáa, ìdajì bélì ni. Ìdajì náà wúwo.

Ṣé fóònù yẹn ti ń gba ohùn? Gbé e sún mọ́ mi. Ìwọ Sàká ọmọ ọmọ mi, àti ìwọ Hàlímà ìyàwó rẹ̀, ẹ wá láti Galtimari lónìí, ẹ ní ẹ fẹ́ sọ ọmọ tuntun yẹn ní Béjìdé lọ́túnla. Ẹ ní ó dùn létí. Ẹ ní ẹ wá a nínú fóònù, ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ohun tí ẹlòmíràn ò ní lẹ máa ń fẹ́. Nígbà tiwa ńkọ́? Bí orúkọ kan bá wọ́n, a máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tó jẹ́ kó wọ́n. Ọjà tó dára tí kò lóníbàárà, yí i padà wò, ó lè ti ya lẹ́yìn.

Mo máa sọ ọ́ fún yín. Mi ò sọ ọ́ délẹ̀ rí. Sìkírá ìyá rẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, inú ilé ìdáná ló ń sá lọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ọkọ mi, bàbá bàbá rẹ... rárá o, bàbá ìyá rẹ, òun ló mú mi wá sí Gamboru níbí, ní Borno. Òkìrìkà là ń tà, gwanjo ni wọ́n ń pè é níbí. Mi ò kàwé. Kíláàsì kejì ni mo ti jáde. Ṣùgbọ́n etí mi yìí, ẹ fi sílẹ̀. Oníbàárà á ní, “Nawa ne?”, èló ni, mo ti mọ bó ṣe fẹ́ ẹ tó. Ohùn ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ ọjà gan-an, ohùn rẹ̀ máa ń yára. Ẹni tó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ, bàtà rẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Bó bá wá dá iye tí kò tó, a kì í sọ pé a ò tà. “Albarka” là ń sọ. Ìbùkún ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi àdúrà kọ̀ ọ́, ìwọ náà á ní àmín. Ẹ wá wo ọjà òde òní, wọ́n á lẹ iye mọ́ ọn lára, ó parí. Kò sí ọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn méjì mọ́.

Òfin kan ni ọkọ mi kọ́ mi. “Rábì,” ó ní, “má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó wà nínú rẹ kí ìwọ tó mọ ohun tó wà nínú tirẹ̀.” Òfin yẹn bọ́ wa. Òfin yẹn ló kọ́ ilé tí ẹ jókòó sí yìí. Òfin yẹn náà ni... ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí.

Ọdún tí mo lóyún àkọ́kọ́, òjò kọ̀. Ẹ gbọ́, ó kọ̀ pátápátá. Gbogbo ọkùnrin jáde lọ kírun ní pápá, wọ́n gbàdúrà òjò, wọ́n padà pẹ̀lú ekuru lójú. Kànga ilé wa, ẹrẹ̀ ló ń gbé wá. Ìyá kan wà ní ilé kejì, Kànúrì ni, òun ló ń gbẹ̀bí fún gbogbo àdúgbò. Yá Fánnà là ń pè é. Yá, ìyá nìyẹn lédè wọn. Ehín rẹ̀ pọ́n fún obì. Òun ló jókòó tì mí láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí.

Bí orí ọmọ ṣe yọ, ààrá sán. Wọn ò tíì gé ìwọ́ tí òjò fi ń lu páànù. Yá Fánnà fi mí sílẹ̀ lórí ẹní, ó sáré jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí òjò. Ó wọlé padà pẹ̀lú ọwọ́ tútù, ó fi pa orí ọmọ. Ó ní, “Wannan yaron ya kawo mana ruwa.” Ọmọ yìí ló gbé òjò wá fún wa. Gbogbo ojú pópó ń pariwo. Èmi rò pé ọmọ mi ni wọ́n ń yọ̀ fún. Òjò ni... Àwọn méjèèjì ni.

Ọkọ mi wọlé, ó rin gbindingbindin. Ó wo ọmọ, ó ní, “Béjìdé.” Mo ní kí ló dé. Ó ní orúkọ bàbá bàbá òun nìyẹn, ọjọ́ òjò ni wọ́n bí bàbá yẹn náà. Eji, òjò ni. Ẹni tó bá eji dé. Ẹ ò gbọ́ eji rí? Ẹ ò lè gbọ́ ọ. Haúsá lẹ fi ń lálàá.

Lọ́jọ́ ìkómọ, Ààfáà pè é ní Yúsúfù. Ààfáà nìkan ló sì pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn Haúsá ní tiwọn, Anaruwa, ẹni tí wọ́n bí nígbà tí òjò ń rọ̀, àwọn aládùúgbò ì bá fi pè é. Yá Fánnà ló kọ̀. Ó ní orúkọ tí òun gbọ́ lẹ́nu bàbá ọmọ lójú òjò ni òun máa pè. Ó sì ń pè é bó ṣe rọ̀ ọ́ lẹ́nu, gbogbo àdúgbò wá ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọmọ Yá Fánnà bí ọkùnrin, òjò ń rọ̀. Kí ni wọ́n sọ ọ́? Bejide. Ọmọ Kànúrì o, tí bàbá rẹ̀ ò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Mo rò pé àwàdà ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyàwó ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi bí tirẹ̀ lọ́jọ́ òjò, ó ní Bejide. Lẹ́yìn náà, ìyàwó alápatà. Ó di mẹ́rin ní òpópónà kan. Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo pe Béjìdé, ọmọ mẹ́rin ló máa sáré wá, ẹni tí mo fẹ́ rán níṣẹ́ ló sì máa kẹ́yìn.

Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí. Ẹni tó bá jẹ́ orúkọ rẹ, takwara rẹ ni. Orogún ò lè já okùn yẹn, ìjà ò lè já a. Bí ọdún Iléyá bá ti ń bọ̀, bí mo bá tú bélì, ṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé mẹ́rin tó dára jù ni mo máa ń kọ́kọ́ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ti Béjìdé mi àti ti àwọn takwara rẹ̀. Èmi tí mi kì í dín kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó ń lọ sí ọmọ ọdún méje. Àbúrò ọkọ mi obìnrin bú sẹ́rìn-ín. “Béjìdé? Ẹ̀yin ará Òkè Ọya, níbo lẹ ti wú orúkọ yẹn? Orúkọ àwọn tó ń gbé ahéré nìyẹn. Ayé ti lajú.” Ojú tì mí. Mi ò purọ́, ojú tì mí. Ẹ wá wò ó. Ní ilé wa, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Níbí, láàárín àwọn tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ eji, ó ń bí sí i.

Ó dàgbà. Ọkọ mi kú. Béjìdé bẹ̀rẹ̀ sí gbé aṣọ lọ fún mi sí ọjà Khaddamari, ó ń sọ Kànúrì bí ẹni pé Yá Fánnà ló fún un lọ́mú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà yẹn. Wọ́n á ní, “Bejide, ruwa fa?”, òjò ńkọ́? Òun á wo ojú ọ̀run, á ní, “Ó wà nínú àpò mi, èló lẹ fẹ́ rà?”

Lẹ́yìn náà ni wàhálà dé, agbébọn níhìn-ín, sójà lọ́hùn-ún.

Ẹ̀yin kéré nígbà yẹn. Sàká, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lo máa ń wọ̀ bí ìbọn bá ti ń dún. Àwọn ará wa ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n ń lọ sílé. Dókítà kan láti Ìjẹ̀bú, olùkọ́ yunifásítì kan tó máa ń ra kóòtù lọ́wọ́ mi, gbogbo wọn ń wá dágbére. Wọ́n ti pa fóònù, o ò lè pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ sì ń lọ káàkiri pé bí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ta ló ń béèrè? Èyí tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn, o ò mọ̀ títí o ó fi dáhùn.

Mo wá ronú. Orí oníṣòwò ni mo fi rò ó. Mo ní ohun tí oníbàárà ń fẹ́ là ń gbé síwájú rẹ̀. Ní Borno yìí, bí o bá sọ òkò, orí Modu ló máa bà. Ta ni ó máa bi Modu ní ìbéèrè kejì?

Mo pè é. Mo ní, “Béjìdé, láti òní lọ, Modu lò ń jẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Modu wo, Màmá?”

“Modu ọmọ Gamboru.”

“Ẹ tún fẹ́ rán orúkọ ilé-iṣẹ́ tuntun mọ́ mi lọ́rùn, bí ẹ ṣe ń rán an mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì gwanjo.”

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa là ń rán an. Mo ní, “Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rán an mọ́, ṣé kò tà?”

“Ó tà.”

“Ó parí nìyẹn.”

Ó ní, “Màmá, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní ìlú yìí, Béjìdé ló mọ̀. Bí mo bá bọ́ ọ sílẹ̀, ta ló máa sọ pé òun mọ̀ mí?”

Ìbéèrè yẹn... Ó yẹ kí n jókòó tì í. Mi ò jókòó tì í. Mo ní èmi ni mo bí i. Mo mọ ẹnì kan tó mọ ẹni tó ń ṣe káàdì ìdánimọ̀. Wọ́n ṣe é, wọ́n kọ Modu sí i. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní súúrà. Mo ní bó bá ti sọ pé Modu, kó má yí i padà láé. Oníṣòwò tó bá dá iye méjì lórí ọjà kan, olè ni wọ́n ń pè é. Ó ní, “Mo ti gbọ́, Màmá.” Kò kọ ọ̀rọ̀ mi rí, ọmọ yẹn.

Ọjọ́ ọjà Khaddamari kan, ó gbé aṣọ lọ ní àárọ̀. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń ká ṣòkòtò ọmọdé kan. Oòrùn ń mú. Ọkùnrin kan dé, ó gbẹ, ó mú ìwé kan lọ́wọ́. Kò wọ aṣọ ìjọba kankan. Ó kí mi dáadáa. Ó ní, “Hajiya, akwai wani Modu a nan?” Ṣé Modu kan wà níbí, Modu ọmọ Gamboru.

Ohùn rẹ̀ yára.

Ẹ gbọ́ mi. Ohùn rẹ̀ yára. Ohùn ẹni tó fẹ́ ọjà gan-an ni. Mo ní nínú ara mi pé, àhá, wọ́n ń wá ọmọ mi. Wọ́n fẹ́ mú un. Ẹni tó ń wá nǹkan, a kì í fi ibi tó wà hàn án. Mi ò gbójú sókè. Mo ń ká ṣòkòtò mi lọ. Mo ní, “Babu.” Kò sí.

Kò lọ. Ó ní, “Hajiya, ki duba da kyau.” Ó ní kí n rò ó wò dáadáa.

Mo ní kò sí Modu kankan ní òpópónà yìí. Mo tilẹ̀ fi “albarka” kún un.

Ó mí kanlẹ̀. Ó fi bírò fa ìlà sí ìwé. Ó wá ní, “To, Bejide fa?” Bejide ńkọ́?

Mo rò pé ọmọ mi ti kọ ẹ̀kọ́ mi sílẹ̀, ó ti jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ṣàìgbọràn. Ṣòkòtò bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Ɗana ne. Ọmọ mi ni. Kí ló ṣe é?” Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà wá sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àwọn sójà ti dá gbogbo ọ̀dọ́ dúró lójú ọ̀nà Khaddamari, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sílẹ̀. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ bá wá dúró fún, wọ́n á jẹ́ kó lọ. Kò sí fóònù, òun ló ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri pẹ̀lú orúkọ wọn. Ìyẹn ni ohùn rẹ̀ ṣe yára. Àánú wọn ló ń ṣe é. Ó ń sáré kí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ.

Etí mi gbọ́ pé ó fẹ́. Kò gbọ́ ohun tó fẹ́.

Mo sáré sílé Bulama, olórí àdúgbò wa. Sílípáàsì ló fi tẹ̀ lé wa. A dé ibẹ̀, àgbàlá kan tí wọ́n mọ odi yí ká. Wọ́n pè é jáde. “Bejide!”

Ọmọ ọmọ Yá Fánnà ló jáde.

Ekuru bò ó lójú. Ó rí mi, ó ní, “Mama,” ó bú sẹ́kún. Mo dì mọ́ ọn. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rò pé ẹlòmíràn ń bọ̀.

Mo ní, “Modu ńkọ́?”

Ọkùnrin oníwèé wò mí. Kò jágbe mọ́ mi o. Ó ní, “Hajiya, sau biyu na tambaye ki.” Ẹ̀ẹ̀mejì lòun bi mí. Àwọn tí kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n, ọkọ̀ ti gbé wọn lọ nígbà tí a ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Bulama ń pariwo, ó ní Modu yẹn náà ni Bejide, ọmọ obìnrin yìí ni, lójú òun ni wọ́n ṣe bí i. Ọkùnrin náà ní, “Obìnrin yìí ti gba Bejide kan. Bejide mélòó ló wà ní òpópónà kan?”

Mo ní, “Mẹ́rin. Mẹ́rin ni wọ́n.”

Tí ẹ bá gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Bí ẹni tó ń ná ọjà.

Mo wá a. Kò sí ẹnu géètì tí mi ò jókòó sí. Bí mo bá ní Modu ni mò ń wá, wọ́n á ní Modu wo, Modu pọ̀ bí iyanrìn. Bí mo bá ní Béjìdé, wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí mo fún un pọ̀ jù, èyí tí bàbá rẹ̀ fún un kò sí nínú ìwé. Àwọn ará ní kí n máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Sìkírá sunkún títí. Mo ní bó bá dé, tó kan ilẹ̀kùn, ta ló máa dá a lóhùn?

Ó pẹ́ kí takwara rẹ̀ tó lè sọ fún mi. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àwọn jókòó sí. Ó ní òun fẹ́ sọ fún wọn pé Modu kọ́ lorúkọ rẹ̀, ẹ̀rù bà á, kí wọ́n má lọ sọ pé ẹni orúkọ méjì lòun náà. Mi ò bá a wí. Ta ni mo jẹ́ tí n ó bá a wí? Ó ní nígbà tí wọ́n ní kí Béjìdé tèmi dìde kó wọ ọkọ̀, ó gbọn ekuru ṣòkòtò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ òun létí, ó ní, “Sọ fún Màmá pé orúkọ tó ní kí n jẹ́ ni mo jẹ́.”

Kì í ṣe pé ó ń fi mí sùn. Ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ó ń jábọ̀ iṣẹ́ tí mo rán an ni. Èyí ló dùn mí jù, pé kò bínú.

Takwara yẹn náà lẹ máa ń rí tó ń wá níbí. Òjò àkọ́kọ́ ọdọọdún, bó ti wù kó le tó, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ á rin, á ní, “Mama, ruwa ya sauka.” Òjò ti rọ̀. Mo máa ń yọ ṣẹ́ẹ̀tì kan fún un nínú bélì. Èyí tó dára jù. Mo máa ń já àmì ọrùn rẹ̀ kúrò kí n tó fún un. Mi ò rán an mọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ló kù.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ìta. Ọyẹ́ ni, ekuru ni. Ọmọ yín bá ekuru dé. Bó bá jẹ́ ohun tó bá dé lẹ fẹ́ fi sọ ọ́, ẹ pè é ní Békurudé... Hàlímà, rẹ́rìn-ín, ó dáa kó o rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní Béjìdé. Kì í ṣe nítorí òjò nìkan. Bí ẹ bá fún un, ẹ ti sọ pé ẹni tó ni ín ò lò ó mọ́. Ta ló sọ fún yín? Èmi ò tíì gbọ́ ọ.

Ẹ wá orúkọ kan fún un. Kó má wọ́n, kó má ṣe bí ẹni tó wọ́n. Kó jẹ́ ọ̀kan. Ẹ pè é sókè, kí alápatà mọ̀ ọ́n, kí olómi mọ̀ ọ́n, kí Bulama mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò bá mọ̀ mọ́ ọmọ, ilé ni. Èmi yọ ọmọ mi kúrò nínú tirẹ̀, mo ní kó lọ sá sábẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ayé ìgbà yẹn kì í ṣe báyìí. Ẹnu ọ̀nà kì í ti. Bí àlejò bá béèrè ènìyàn, ìwọ á dìde, ìwọ á fọwọ́ júwe ilé. Wàhálà ló kọ́ wa ní “babu”. Gbogbo wa là ń sọ ọ́ báyìí, títí kan àwọn ọmọdé. Kò sí. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò rí i.

Èmi ti fi “babu” sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi yìí tó béèrè orúkọ, orúkọ yòówù kó jẹ́, mo máa ń dìde. Àwọn ọmọ àdúgbò ti mọ̀, wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Wọ́n á wá dúró níbẹ̀ yẹn, wọ́n á pa ohùn dà bí àgbàlagbà, wọ́n á ní, “Hajiya, ṣé Ràkúnmí wà níbí?”

Mo máa ń ní, “Ó wà. Ọmọ mi ni. Ẹ dúró, mò ń bọ̀.”